Ohun tí kangarú ń jẹ àti ohun tó ń pa á

Bí o bá ti gbá bọ́ọ̀lù rí, tàbí o ti ra bàtà bọ́ọ̀lù fún ọmọ rẹ, ó ṣeé ṣe kí o ti fọwọ́ kan awọ kangarú láìmọ̀. Copa Mundial, bàtà dúdú onílà funfun mẹ́ta tí Adidas ṣe nítorí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1982 ní Spéènì, awọ kangarú ni wọ́n fi ṣe é, àìmọye agbábọ́ọ̀lù ló sì fẹ́ràn rẹ̀. Awọ náà fúyẹ́, ó rọ̀, síbẹ̀ kì í tètè ya. Àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ tò lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò lọ́ mọ́ra bíi ti awọ màlúù, nítorí náà wọ́n lè bó o tín-ín-rín kí agbára rẹ̀ má dín púpọ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Puma kéde pé òun kò ní lo awọ kangarú mọ́. Kí oṣù náà tó parí, Nike ti sọ ohun kan náà. Nígbà tó di 2025, Adidas fi yé ayé pé òun náà ti jáwọ́. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ti ṣòfin lòdì sí títa ẹ̀yà ara kangarú láti 1971, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dẹ òfin náà fún ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó tún fà á le. Inú àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ẹranko dùn. Àwọn tó ń fi ọdẹ kangarú jẹun ní Ọsirélíà fárí gá, wọ́n ní ẹranko náà pọ̀ ju ohun tí ilẹ̀ lè bọ́ lọ, pé tí ìbọn kò bá dín wọn kù, ebi ni yóò pa wọ́n.

Ohun tó ń dùn mí nínú àríyànjiyàn yìí ni pé tọ̀tún-tòsì ló ń fi ìlera ẹranko náà gbèjà ara rẹ̀, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni dúró sọ ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí lára kangarú gan-an: bó ṣe ń bímọ, bó ṣe ń jẹun, àìsàn tó ń ṣe é, àti ibi tí àìsàn náà ti wá. Iṣẹ́ ìwádìí náà ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bí a bá tò ó pọ̀ wò, ohun kan ló ń jáde níbẹ̀ léraléra: ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń ṣe kangarú inú ìgbẹ́, láti ara ilẹ̀ tí ènìyàn ti yí padà ló ti ń bá a.

Orúkọ tí wọ́n rò pé kò nítumọ̀

Ní ọdún 1770, ọkọ̀ ojú omi Endeavour tí James Cook ń darí forí sọ òkúta ìyùn ní etíkun ìlà-oòrùn Ọsirélíà, wọ́n sì gúnlẹ̀ sẹ́nu odò kan láti tún un ṣe. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, àwọn Guugu Yimithirr, ní orúkọ fún ẹranko ńlá kan tó ń fò káàkiri: gangurru. Orúkọ yìí ni Cook àti Joseph Banks, onímọ̀ ewéko tó bá a rìnrìn àjò, gbọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ìtàn kan wà tí àwọn ènìyàn ṣì ń sọ kiri pé “mi ò mọ̀” ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, pé onílẹ̀ kò gbọ́ ohun tí àlejò bi í ló fi dáhùn bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Onímọ̀ èdè John Haviland, tó lọ kọ́ èdè Guugu Yimithirr lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín ní àwọn ọdún 1970, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé orúkọ irú kangarú kan pàtó ni. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ìtàn yẹn sọ àwọn tó mọ ẹranko yìí jù lọ di aláìmọ̀kan, irú ojú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì fi wo ìmọ̀ wọn fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀yà ńlá mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Kangarú pupa ló tóbi jù. Akọ rẹ̀ lè wúwo tó 85 kìlógíráàmù, abo rẹ̀ kì í sábà ju 35 lọ, aṣálẹ̀ àti pápá gbígbẹ ni ilé rẹ̀. Kangarú eléérú ti ìlà-oòrùn àti kangarú eléérú ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́ràn ibi tí òjò ti ń rọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ̀kẹrin ni wallaroo, tí àwọn mìíràn ń pè ní euro, àárín àpáta àti òkè ló ń gbé.

Ọmọ mẹ́ta, ìyá kan

Oyún kangarú pupa kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 33 lọ. Ohun tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ kò tó gíráàmù kan, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Kò nírun, ojú rẹ̀ kò là, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí yóò fi máa fò lọ́jọ́ iwájú ṣì dà bí èéhù. Apá iwájú rẹ̀ nìkan ló ti le. Apá yìí ló fi ń di irun ikùn ìyá rẹ̀ mú, tó ń gùn ún lọ sókè fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí tó fi wọ inú àpò, tó sì gbá orí ọmú kan mú. Ìyá rẹ̀ kì í gbé e síbẹ̀. Orí ọmú náà á wú sí i lẹ́nu, kò sì ní tú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwa máa ń sọ pé ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ti ọmọ kangarú yàtọ̀: kí ìyá tó gbé e rìn ìbùsọ̀ kan, ó ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rin ọ̀nà tó jìn jù láyé rẹ̀.

Ní bí ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn ìbímọ, abo kangarú pupa á tún gba akọ. Oyún á dúró, àmọ́ kò ní dàgbà. Nígbà tí ọlẹ̀ náà bá fi máa tó nǹkan bí sẹ́ẹ̀lì ọgọ́rùn-ún, á dúró sójú kan nínú ilé ọmọ, kò kú, kò tóbi sí i, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ inú àpò bá ń mu ọmú. Ìgbà tí ọmọ yẹn bá fẹ́ kúrò nínú àpò, tàbí tó bá kú, ni ọlẹ̀ tó ń dúró á tún mú ìdàgbàsókè rẹ̀ pọ̀n, wọ́n á sì bí i ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà. G. B. Sharman ló ṣàlàyé irú ìdádúró yìí láàárín àwọn ẹranko alápò Ọsirélíà ní àwọn ọdún 1950, lára quokka, ìbátan kékeré kan fún kangarú. Hugh Tyndale-Biscoe àti Marilyn Renfree wá fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ìbátan mìíràn tí wọ́n ń pè ní tammar, láti mọ bí ọmú, ọpọlọ àti ilé ọmọ ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn kí ọlẹ̀ tó dúró tàbí kó tó tẹ̀ síwájú.

Nítorí náà abo kan lè ní ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: èyí tó ti jáde nínú àpò tó ṣì ń kì orí bọ̀ ọ́ láti mu ọmú, èyí tó lẹ̀ mọ́ orí ọmú nínú àpò, àti èyí tó ń dúró nínú ilé ọmọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni wàrà. Orí ọmú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àpò kan náà ń mú wàrà oríṣi méjì jáde. Ti ọmọ kékeré kò lọ́ràá púpọ̀, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ki, ó sì kún fún ọ̀rá. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń bọ́ ọmú méjèèjì, síbẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ ọmọ tí òun ń tọ́. Ọmọ tuntun kò tíì ní agbára láti bá àrùn jà fúnra rẹ̀, ohun tó ń dáàbò bò ó wà nínú wàrà àti nínú àpò ìyá.

Mo dúró lórí èyí nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iye kangarú ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀dá bá dé, wàrà á dín, ọmọ inú àpò á kú, ọlẹ̀ tó ń dúró á sì gba ipò rẹ̀. Ìyẹn náà lè kú, kí òmíràn tún gba ipò. Bí ọ̀dá bá pẹ́ jù, abo kò ní gba akọ mọ́ rárá. Ọjọ́ tí òjò bá sì padà, tí koríko hù, ara rẹ̀ ti wà ní ìmúrasílẹ̀. Ẹranko tí Ọlọ́run dá fún ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán ni. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo kangarú ló rí bẹ́ẹ̀. Ti eléérú ìwọ̀-oòrùn kò ní ìdádúró ọlẹ̀ yìí, ti eléérú ìlà-oòrùn kì í sì í sábà lò ó. Ọmọ kangarú pupa ń kúrò nínú àpò pátápátá ní bí ọjọ́ 235. Ti eléérú ìlà-oòrùn ń lò tó oṣù mọ́kànlá níbẹ̀, ó sì ṣì ń mu ọmú títí di bí ọdún kan àtààbọ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé kangarú ń bí bí eku kò tíì ka ìwádìí wọ̀nyí. Kódà ní ọdún tí òjò rọ̀ dáadáa, ọmọ tí abo kan lè tọ́ dàgbà kì í pé méjì lọ́dún.

Ẹsẹ̀ karùn-ún àti eyín tó ń tán

Ní ọdún 1973, Terence Dawson àti C. R. Taylor tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature tó ya àwọn ẹgbẹ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n kọ́ kangarú láti máa fò lórí ẹ̀rọ tí àwa ènìyàn fi ń sáré nínú ilé, wọ́n sì wọn afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó ń mí sínú. Ènìyàn, ajá, ẹṣin, bí wọ́n bá ti ń sáré sí i ni wọ́n ń mí sí i. Kangarú kò rí bẹ́ẹ̀: nígbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò, bí eré rẹ̀ ti ń le sí i, ọ́síjìn tó ń lò kò pọ̀ sí i. Iṣan líle ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà bí rọ́bà nígbà tó bá balẹ̀, ó sì ń dá agbára náà padà nígbà tó bá tún gbéra. Ẹranko tí koríko rẹ̀ wà níbi tó jìn síra nílò irú ara bẹ́ẹ̀.

Bí kò bá sáré ńkọ́? Ó ń tẹ ọwọ́ méjèèjì àti ìrù mọ́lẹ̀, ó sì ń fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Fún ìgbà pípẹ́ wọ́n rò pé òpó ìfẹ̀yìntì lásán ni ìrù náà. Ní 2014, Dawson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn agbára tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fi ń tilẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìrù ń ti ara síwájú tó àpapọ̀ ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ṣe. Ẹsẹ̀ karùn-ún ni.

Ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí kangarú ti wáyé ní Fowlers Gap, ibùdó ìwádìí tí Yunifásítì New South Wales ní sí àríwá ìlú Broken Hill, níbi tí kangarú àti àgùntàn ti jọ ń jẹko. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wo bí kangarú ṣe ń fara da oòrùn. Ó ń fi itọ́ lá apá iwájú rẹ̀, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ sí ìsàlẹ̀ awọ. Itọ́ náà ń gbẹ, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá sì ń tutù.

Eyín ni òṣùwọ̀n ọjọ́ ayé rẹ̀. Koríko ní ohun líle bí yanrìn nínú, ó ń jẹ eyín. Eyín ẹ̀yìn kangarú kì í dúró sójú kan: bí ti iwájú bá ti jẹ tán, á já bọ́, ti ẹ̀yìn á sì máa sún bọ̀ síwájú láti gba ipò rẹ̀. Mẹ́rin péré ló ní ní ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti sún tán, kò sí òmíràn mọ́, ẹranko náà kò ní lè lọ oúnjẹ, ebi á sì pa á láàárín koríko tútù. Àwọn olùṣèwádìí ń fi bí eyín ṣe sún tó mọ ọjọ́ orí kangarú tó ti kú, bí àwa ṣe máa ń wo eyín àgbò kí a tó nájà rẹ̀.

Ta ló kà wọ́n?

Ìṣirò ìjọba ní nǹkan bí ọdún 2016 fi hàn pé kangarú lé ní 40 mílíọ̀nù ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń ṣọdẹ wọn, nígbà tí gbogbo ènìyàn Ọsirélíà kò tíì pé 25 mílíọ̀nù. Láti inú òfuurufú ni wọ́n ti ń kà wọ́n. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré tàbí hẹlikópítà á fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ojú ọ̀nà tó tọ́, àwọn tó ń kà á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n á ka èyí tí wọ́n rí, wọ́n á sì fi ìṣirò sọ iye tó farapamọ́ sábẹ́ igi. Graeme Caughley wà lára àwọn tó fi ìdí ọ̀nà yìí múlẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Láti inú iye tí wọ́n bá rí ni wọ́n ti ń yọ ìwọ̀n tí ọdẹ lè pa lọ́dún, èyí tó sábà máa ń wà láàárín 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye tí wọ́n ń pa gan-an kì í sábà tó ìyẹn. Àwọn alátakò ní ìṣirò náà ń sọ iye wọn di púpọ̀. Mo rò pé ó yẹ kí a máa yẹ ọ̀nà kíkà náà wò, torí pé àṣìṣe kékeré nínú ìṣirò lè di ẹ̀mí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹranko. Ṣùgbọ́n pé iye wọn ń lọ sókè tó ń bọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú òjò, kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Ọ̀dá ọdún 1982 sí 1983 pa wọ́n lọ bẹẹrẹ. Ti 2017 sí 2019 náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí iná ńlá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2019 sí 2020 tó tún dé.

Kí ló mú kí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbì kan? Wo ọgbà wáyà tí wọ́n fi ń dènà dingo, ajá ìgbẹ́ Ọsirélíà. Ó gùn ju 5,500 kìlómítà lọ. Nítorí àgùntàn ni wọ́n ṣe ṣe é. Ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti pa dingo run, kangarú pupa pọ̀ gan-an ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, Caughley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti 1980. Ènìyàn mú ẹni tó ń pa wọ́n jẹ kúrò, ó gé igbó lulẹ̀ kí koríko lè hù, ó gbẹ́ kànga fún ẹran ọ̀sìn rẹ̀, kangarú náà sì ń mu níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá pọ̀, ó pè wọ́n ní ajẹnirun.

Àwọn tó fọ́jú, àwọn tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́

Ní ọdún 1994, àwọn ènìyàn ní gúúsù ìlà-oòrùn Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í rí kangarú tó ń forí sọ igi àti wáyà ọgbà, tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè jù bí ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn. Wọ́n ti fọ́jú. Àìsàn náà tàn títí dé Ìwọ̀-Oòrùn Ọsirélíà kó tó rọlẹ̀ ní 1996, kangarú eléérú ti ìwọ̀-oòrùn ló sì kó o jù. Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí àrùn ẹranko ti CSIRO, àjọ sáyẹ́ǹsì ìjọba Ọsirélíà, nílùú Geelong ṣí ojú àwọn tó kú wò, wọ́n rí i pé inú ẹ̀yin ojú ti wú, ó sì ti bàjẹ́. Fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Wallal ló fà á, kòkòrò tíntìntín tó ń mu ẹ̀jẹ̀, tó kéré sí ẹ̀fọn, ló sì ń gbé e kiri. Èyí wà lára àwọn àìsàn tí a kò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ènìyàn tààrà.

Àwọn mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Victoria, ní àríwá ìlú Melbourne pàápàá, àwọn ará ìlú máa ń rí kangarú tó ń mi orí, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń ṣubú bí ẹni tó mu ọtí yó. Àwọn ènìyàn ti fi fídíò irú rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Koríko phalaris ló jẹ. Agbègbè òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti mú koríko náà wá kó lè bọ́ màlúù àti àgùntàn. Májèlé wà nínú rẹ̀ tó ń ba ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́, ohun tó sì bàjẹ́ níbẹ̀ kì í sábà padà bọ̀ sípò. Àgbẹ̀ tó ní àgùntàn lè fún wọn ní kóbáàtì, èyí tó ń ran ohun tó wà nínú àpòlúkù wọn lọ́wọ́ láti pa agbára májèlé náà. Ta ni yóò fún kangarú?

Ìtàn Portland, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Victoria, ló tún le jù. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń yọ́ alumíníọ̀mù wà níbẹ̀, kangarú sì ń jẹko nítòsí rẹ̀. Èéfín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní fúlóráìdì nínú, ó ń balẹ̀ sórí koríko, kangarú ń jẹ ẹ́, ó sì ń pọ̀ sí i nínú egungun àti eyín rẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn olùṣèwádìí láti Yunifásítì Melbourne, Graeme Coulson wà lára wọn, rí eyín tó ti yí àwọ̀ padà, tó ti jẹ kùdọ̀kùdọ̀, àti egungun tó ti yọ kókó ní oríkèé ẹsẹ̀. Àwọn kan ń tiro. Fún ẹranko tí gbogbo ayé rẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì, tí eyín rẹ̀ sì jẹ́ òṣùwọ̀n ọjọ́ ayé rẹ̀, ibi méjèèjì tó ti nílò agbára jù ni májèlé yìí kọlù. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń gbé lágbègbè náà bèèrè ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ wọn, torí ẹranko tó ń jẹko níbẹ̀ tọ̀sán-tòru ló kọ́kọ́ ń fi í hàn.

Aràn pọ̀ nínú àpòlúkù kangarú tó le dáadáa, ó lè tó ọ̀kẹ́ àìmọye, kò sì ní ṣe é ní ohunkóhun. Àmọ́ tí wọ́n bá há mọ́ ibì kan, tí ọ̀dá mú, tí gbogbo wọn ń jẹ ojú koríko kan náà tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí, aràn kan tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lè pa àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú àpò. Àìsàn àgbọ̀n wíwú, tí bakitéríà ń fà láti ojú egbò ẹnu, wọ́pọ̀ nínú ọgbà ẹranko. Nínú ìgbẹ́, ibi tí wọ́n bá ti pọ̀ jù lójú kan ló ti máa ń yọjú. Ẹ wá fi àwọn tí mọ́tò ń gbá lójú pópó kún un. Kangarú ló pọ̀ jù nínú ẹranko tí ọkọ̀ ń kọlù ní Ọsirélíà.

Abẹ́rẹ́ orí ọ̀pá

Bí wọ́n ṣe ń rí gbogbo èyí mọ̀ kò rọrùn. Kangarú tí a bá lé títí tó fi rẹ̀ ẹ́ lè kú lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí a ti tú u sílẹ̀, torí pé eré àti ẹ̀rù náà á ti ba ẹran ara rẹ̀ jẹ́ láti inú. Ní Wilsons Promontory, ọgbà igbó ìjọba kan ní Victoria, Marco Festa-Bianchet láti Yunifásítì Sherbrooke ní Kánádà, Wendy King, Coulson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń tẹ̀lé kangarú eléérú láti ọdún 2008, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì etí tirẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ẹranko náà mọ̀ wọ́n lójú, wọ́n ń rọra sún mọ́ wọn, wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ oorun tí wọ́n so mórí ọ̀pá gígùn gún wọn. Kí ó tó jí, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n ti wo inú àpò.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí: abo tó ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nínú ọmọ 326 tí wọ́n tẹ̀lé, mọ́kànlá wà nínú àpò abo tí kì í ṣe ìyá wọn. Àwọn olùṣèwádìí náà rò pé àṣìṣe ni, pé ọmọ tí ẹ̀rù bà lè bẹ́ sínú àpò tó sún mọ́ ọn jù lọ, kí abo náà sì gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ kà kangarú bí ẹni ń ka ìyàngbò yẹ kó mọ èyí pẹ̀lú.

Kí ni wọ́n ń ṣe sí iye wọn nígbà náà? Ní Canberra, olú-ìlú, ìjọba ti ń yìnbọn pa díẹ̀ lára kangarú eléérú lọ́dọọdún láti 2009, kí koríko ìbílẹ̀ àti àwọn ẹranko kéékèèké tó ń gbé inú rẹ̀ má bàa run. Wọ́n tún ń lo GonaCon, abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà fún àgbọ̀nrín, tó ń mú kí ara abo bá ohun tó ń ru ìbímọ sókè jà, tí kò fi ní lóyún fún ọdún púpọ̀. Ọ̀nà tó dára ni nítòsí ìlú. Nínú aṣálẹ̀ tó fẹ̀ ju orílẹ̀-èdè lọ, kò sí ẹni tó lè gún gbogbo wọn lábẹ́rẹ́.

Ní aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, lọ́dọ̀ àwọn Martu tó jẹ́ onílẹ̀ ibẹ̀, àwọn olùṣèwádìí rí ohun mìíràn. Àwọn Martu máa ń sun igbó díẹ̀díẹ̀, lápá kan lónìí, lápá mìíràn lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n sì ń ṣọdẹ nínú rẹ̀. Kì í ṣe ibi tí ọdẹ kì í dé ni kangarú ti pọ̀ jù. Ibi tí ìdáná àti ọdẹ wọn wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì ni, torí koríko tútù ń hù lẹ́yìn iná, igbó tí wọn kò sun sì jẹ́ ibi ìfarapamọ́. Ènìyàn àti kangarú ti jọ gbé báyìí fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún kí àgùntàn tó dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù fún mi ni ti ọmọ inú àpò. Òfin ìṣọdẹ Ọsirélíà sọ pé tí ọdẹ bá pa abo, kó yẹ àpò wò, kó sì pa ọmọ tó bá wà níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ó má bàa jìyà. Nítorí èyí, àwọn oníṣòwò kan sọ pé akọ nìkan ni àwọn á máa gbà. Ìyẹn dín ìyà ọmọ kù. Ṣùgbọ́n akọ kan lè gun ọ̀pọ̀ abo, nítorí náà pípa akọ nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ dín iye wọn kù, iye wọn yìí sì ni ìdí tí wọ́n ń sọ pé àwọn fi ń ṣọdẹ. Tí wọ́n bá sì padà sí abo, a ó tún padà sórí ọmọ eléérú tó ti kúrò nínú àpò ní oṣù kọkànlá, tó ṣì nílò wàrà ìyá rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òru ni wọ́n ń ṣọdẹ. Bí ìbọn bá ti dún tí ìyá rẹ̀ ṣubú, ó ti sá wọ inú òkùnkùn kí ọdẹ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.